Bí Fíìmù Náà Ṣe Parí Gan-an

Tí ẹ kò bá ní àsìkò, ẹ má bi Rahma ọmọ Bashiru bóyá fíìmù kan dára. Yóò ní kí ẹ jókòó. Yóò gbé garawa tó ń tò lọ́wọ́ sílẹ̀, yóò nu ọwọ́ mọ́ ìborùn rẹ̀, yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà títí dórí ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Fíìmù ìwín tí wọ́n bá ti fi ìwín han èèyàn, kò ní í wò ó mọ́; ó ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ló ń dẹ́rù bani, kì í ṣe ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fíìmù àwọn Amẹ́ríkà elẹ́ṣin, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìnbọn ló fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ti àwọn ará Ṣáínà oníjà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ẹsẹ̀ àti orí lẹ́ẹ̀kan náà, kí òun lè mọ̀ pé ẹni yẹn mọ ìjà jà lóòótọ́. Ó fẹ́ràn àwọn fíìmù Yorùbá tuntun tó ń ti Nàìjíríà wá, ṣùgbọ́n ariwo wọn ń bí i nínú. "Haba! Ṣé adití ni ọkọ rẹ̀ ni? Obìnrin tí inú ń bí ní tòótọ́, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni."

Ó yẹ kó mọ̀. Gbogbo àdúgbò Lamashegu ní Tamale, nílẹ̀ Gánà, ló mọ̀ pé inú tètè máa ń bí i. Opó ni, ó ti pé ọgọ́ta ọdún, ó ń ta ike àti abọ́ ìfọṣọ lẹ́bàá títì, alùpùpù pupa kan ló sì ń gùn kiri ìlú. Oníbàárà tó bá ṣí ìdérí garawa ní ẹ̀ẹ̀mejì láìrà á, yóò gbọ́ ọ. Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin náà ti ń bínú láìmọ ẹni tó ń bínú sí. Ọdún yìí ló tó mọ̀ ọ́n, ohun tó sì mọ̀ yẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò bá a bínú, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Rahma kò wọ ilé sinimá rí nígbà èwe rẹ̀. Etí ló fi wo fíìmù. Nínú agboolé àwọn Yorùbá ní Moshie Zongo nílùú kan náà, níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́lé sí nígbà tó ti Ìgbẹ́tì wá ta aṣọ láyé àwọn òyìnbó, ọmọbìnrin tó bá wọ ilé sinimá, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin ló ń lọ. Abdul-Ganiyu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí ó bá di ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásàárì, àwọn obìnrin agboolé a kóra jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó ń pa ẹ̀pà, ẹni tó ń di irun fún ọmọ. Ganiyu a wá sọ fíìmù náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun àrà.

Ẹ jẹ́ ká fún ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Bí ẹṣin bá wà nínú fíìmù, òun ni ẹṣin. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá a fa aṣọ bo ọmọ ẹ̀yìn wọn. Orin àwọn ará Íńdíà, tí kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, yóò kọ ọ́ débi pé Làtífátù, ìyàwó tó wà nílé kejì, á gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Ibẹ̀ ni Rahma ti kọ́ bí a ṣe ń wo fíìmù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ló máa ń béèrè: "Bọ̀ọ̀dá, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ta ni wọ́n ń fi hàn yín, ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni àbí ẹni tó ń gbọ́ ọ?" Ganiyu a rẹ́rìn-ín, a ní ọmọ yìí ì bá jẹ́ ọkùnrin.

Lọ́dún tí Rahma pé ogún ọdún, lẹ́tà kan dé. Ó ti yege nínú ìdánwò, ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan lọ́nà Kumasi sì ti gbà á. Alhaji Bashiru bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà mẹ́ta pé ọmọ òun kò ní í lọ máa sùn nílùú tí òun kò mọ̀. Rahma kò bá a jiyàn. Ó fi lẹ́tà náà sábẹ́ ibùsùn, ó di aṣọ méjì sínú báàgì, ó mú ọjọ́ Mọ́ńdè tí yóò wọ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, Ganiyu sọ fíìmù kan tí agboolé wá ń pè ní Ojú Ìyá. Ọmọbìnrin kan lábúlé kan ní Íńdíà, irun rẹ̀ dídì ẹyọ kan, kọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ganiyu fi ẹnu ṣe ọkọ̀ ojú irin náà títí ilẹ̀ fi ń mì lábẹ́ wọn. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, ọmọ náà padà wálé, ó kan ilẹ̀kùn. "Ìyá ló ṣí i," Ganiyu wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó na ọwọ́, ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ kiri nínú afẹ́fẹ́, torí ẹkún ti fọ́ ojú tirẹ̀. Ó ní, ta nìyẹn? Ọmọ ní, èmi ni. Ìyá ní, mi ò lọ́mọ mọ́, èyí tí mo bí ti kú sọ́nà. Ó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, ó kú." Kò sí obìnrin tí kò sunkún lábẹ́ igi náà. Ìyá Rahma di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, òun pàápàá kò mọ ìdí tó fi dì í mú.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Rahma fi lẹ́tà náà dá iná àárọ̀.

Wọ́n fi í fún Ìsá oníke. Ìsá kò burú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, Rahma bímọ mẹ́rin fún un. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ń rọbí níbikíbi ládùúgbò, ẹsẹ̀ Rahma kì í dúró jẹ́ẹ́. Mẹ́ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí fún láìkọ́ṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ kò tètè dé. Ti ẹnì kẹta, ìwọ́ ọmọ ti wé mọ́ ọmọ lọ́rùn, Rahma kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ọmọ náà kú sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Òun ló ń bá ara rẹ̀ wí láti ìgbà náà, tó sì ń bá gbogbo ayé jà lórí ìdérí garawa.

Ọládayọ̀ ló wá tú àṣírí náà, láìmọ̀. Ọmọ Òṣogbo ni, Kristẹni, ilé ìfowópamọ́ ló gbé e wá ṣiṣẹ́ ní Tamale, ó sì gba yàrá kan nílé Rahma. Ọmọ náà fẹ́ràn fíìmù bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Nígbà tó rí i pé onílé òun tún ya wèrè jù òun lọ, wọ́n fi ọ̀sán Sátidé ṣe ọjọ́ fíìmù: wọ́n á wo àtijọ́ kan, wọ́n á wo tuntun kan, wọ́n á sì jà lórí méjèèjì. Oṣù mẹ́fà ni Rahma fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá Ojú Ìyá. Kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Íńdíà. Irun dídì kan, ọkọ̀ ojú irin, orin létí odò: kò ní ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kan ọmọ náà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Màmá, mo ti rí i!"

Rahma ti ìsọ̀ rẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ gidi, ó jókòó síwájú telifíṣàn bí ẹni tó lọ kí àna. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọjá, ó bú sẹ́rìn-ín: ti Ganiyu gùn jù ú lọ! Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nínú fíìmù tó wà níwájú rẹ̀, ojú ìyá náà ti fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sódò. Ìdí gan-an tí ọmọ náà fi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Rahma rò pé bóyá Bọ̀ọ̀dá gbàgbé.

Ọmọ náà padà dé, ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá ṣí i, ó na ọwọ́. Ọmọ gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìgbà tí wọ́n wá ń tú báńdéèjì, wọn ò fi ìyá han èèyàn rárá. Àwòrán ṣókùnkùn, ó wá ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, ó mọ́ títí tí ojú ọmọ fi yọ kedere, ìgbà náà lèèyàn tó mọ̀ pé ojú ìyá lòun fi ń wò ó. Bàbá tó kọ̀ lọ́jọ́sí dúró nídìí ògiri, ó ṣí láwàní rẹ̀, ó ń sunkún. Ó parí.

"Màmá, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe o!" Ọládayọ̀ wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe… Màmá? Kí ló dé?"

"Dá a padà," Rahma wí.

Wọ́n wo ìparí náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ lórí tábìlì. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rù sì ba Ọládayọ̀.

Zogbeli ni Ganiyu ń gbé báyìí. Iwájú ilé rẹ̀ ló wà, òun àti àwọn àgbà mẹ́ta, wọ́n ń mu tíì. Alhaji Sinimá ni wọ́n ń pè é káàkiri. Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá ìlú náà, tí Akeem jẹ́ olórí wọn, ti mú ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ láti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, wọ́n ní ó fi ẹnu kọ́ agboolé lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n!

"Bọ̀ọ̀dá, báwo ni Ojú Ìyá ṣe parí?"

"Rahma, lafiya? Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé báyìí là á ṣe kíni? Jókòó jẹun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abọ́ wasawasa dé."

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Ìyá kú sẹ́nu ọ̀nà. Ṣebí gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ."

"Àwa gbọ́. Ẹ̀yin, kí lẹ rí?"

Ganiyu wo ife tíì rẹ̀. "Haba, Rahma. Èdè Íńdíà ni wọ́n ń sọ. Ta ló gbọ́ ọ nínú wa? Bó ṣe yé mi ni mo ṣe sọ ọ́."

"Obìnrin tí wọ́n tú báńdéèjì lójú rẹ̀, tó wá ń rí ojú ọmọ rẹ̀ kedere, èdè wo lẹ fẹ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé kò kú?"

Àwọn àgbà mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ganiyu dìde, ó mú un wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tó máa fọhùn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Bàbá ló rí lẹ́tà rẹ. Ó ní bí òun bá pàṣẹ fún ọ, wàá sá lọ. Ó ní ṣùgbọ́n o máa ń gbọ́ tèmi, ṣé mi ò lè rí fíìmù kan sọ fún ọ. Mo ti wo ìyẹn ní Jímọ̀. Rahma, ìparí rẹ̀ nìkan ni mo yí."

"Ìparí rẹ̀ nìkan!"

Ariwo tó pa lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ará òdìkejì títì gbọ́ ọ. "Ganiyu, ìwọ àti Bàbá jókòó, ẹ fi ẹnu ti ilẹ̀kùn mọ́ mi! Bí ẹ bá so mí mọ́lẹ̀ ni, ǹ bá mọ̀ pé wọ́n so mí, ǹ bá já okùn. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dáná sun lẹ́tà mi! Ọmọ kan kú sí mi lọ́wọ́, Ganiyu. Ọmọ tó pé oṣù, tó lẹ́wà. Mo dúró, mò ń wò ó, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ lásán rí. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kẹrin.

"Bàbá ti kú, Rahma. Ọ̀rọ̀ ogójì ọdún rèé. Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣé ìyẹn nìkan lo yí?"

"Wallahi, ìyẹn nìkan ni."

"Ó dáa. Bí wọ́n bá ní kó o sọ fíìmù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ni wàá sọ. Wàá sì sọ bó ṣe parí gan-an, lójú gbogbo wọn." Ganiyu ní òun ti gbọ́. Ó fọwọ́ sọ́yà, ó ní òun á sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ta tapólì sí pápá ilé kéwú ní Moshie Zongo. Àwọn ìyá àgbà tó ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lọ́jọ́sí, àwọn tó kù láyé nínú wọn, ni wọ́n fi síwájú. Làtífátù wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ Nafisa jókòó tì í. Àwọn ọ̀dọ́ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá, wọn ò lè sọ ọ́ dáadáa. Akeem gba máìkì, ó yin Alhaji Sinimá títí, ó gbé àmì-ẹ̀yẹ náà lé e lọ́wọ́, ó ní ó di dandan kó sọ ọ̀kan fún wọn bíi tàtijọ́. Àwọn ìyá àgbà pariwo pé Ojú Ìyá làwọn fẹ́.

Ganiyu bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé láàádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe ọkọ̀ ojú irin náà, ara Rahma fúnra rẹ̀ bù máṣọ. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú rẹ̀, pé irú ẹ̀bùn yẹn ni wọ́n fi ta á lọ́pọ̀. Ọmọ lọ, ọmọ bọ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá àgbà ti ń fi ìborùn nu ojú kí ó tó débẹ̀. Làtífátù ń bá a sọ ọ̀rọ̀ náà láìgbé ohùn sókè. Ganiyu wo Rahma. Ó wo àwọn obìnrin tó ń sunkún, ó wo àwọn fóònù tí wọ́n gbé sókè sí i, adùn náà sì wọ̀ ọ́ lára.

"Ó na ọwọ́," ó wí, "torí ẹkún ti fọ́ ojú tirẹ̀…"

Ìyá tún ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, ó tún kú. Àtẹ́wọ́ sọ.

Rahma dìde, ó lọ gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. "Irọ́ ni," ó wí, àtẹ́wọ́ sì dá. Kò mọ ọkọ̀ ojú irin ṣe, kò sì kọrin. Ohun tó rí ló sọ: ojú ìyá tó ti fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, báńdéèjì, àwòrán tó ṣókùnkùn tó wá mọ́, ojú ọmọ tó yọ, bàbá tó ṣí láwàní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Bàbá wa ló ní kó yí i, kí n má baà lọ. Mi ò sì lọ."

Akeem sún mọ́ ọn. "Hajia, sorry, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé nìyí, ká parí ètò náà ná…"

"Ganiyu."

Làtífátù ló sọ̀rọ̀. Ó ti fi èjìká Nafisa dìde dúró.

"Fíìmù obìnrin tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, tí wèrè wá mú un nínú igbó. Báwo ló ṣe parí?"

Ganiyu ń yí àmì-ẹ̀yẹ náà po lọ́wọ́.

"Àárọ̀ ọjọ́ tó o sọ ọ́ fún wa, mo rí ìwọ àti ọkọ mi lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ó gbé adìyẹ kan lọ́wọ́, ó fún ọ. Mo rò pé ó ní kó o bá òun tà á ni." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti di ẹrù mi lọ́jọ́ náà, Ganiyu. Ọdún mọ́kànlélógún ló tún fi lù mí kí ó tó kú. Báwo ló ṣe parí?"

Nafisa gbé fóònù rẹ̀ wálẹ̀, ó ń wo ìyá ìyá rẹ̀ lójú.

Láti apá kejì, Aishat ọmọ alágbàdo, ìyá àgbà bíi tirẹ̀, dìde. "Èyí tí ọmọ kọ ọkọ tí wọ́n yàn fún un, tí ejò bù ú jẹ ńkọ́?"

Ẹnì kan tún dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ní tòun wà ńbẹ̀. Òmíràn fi ọ̀pá dìde. Ganiyu gbá àmì-ẹ̀yẹ náà mọ́ àyà, ó ń wá ojú tó máa gbà á sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, àwọn ọkùnrin sì ń wo ẹsẹ̀ wọn. Rahma na máìkì sí i.

"Gbà," ó wí. "Dá wọn lóhùn."